Ká mọ ògiri kí a tó yin omi sí i

Àsọyé tí mo ṣe ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífọ ara ilé

Òkun o, ẹ̀yin bàbá wa. Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wọkọ̀ wá, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ọ̀dọ́ kan ṣe lè fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo dá iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì máa jẹun nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe àjèjì sí yín. Òun ni àwọn tó ń fọ mọ́tò àti ọ̀kadà ń lò létí títì, tí gbogbo wa ń pè ní pressure washer. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì fiyè sí ni pé ẹ̀rọ kan náà ló ń fọ ilé, fẹ́ǹsì, ìńtálọ́ọ̀kì, ilé ìjọsìn àti iwájú ilé epo.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbára ẹ̀rọ kọ́ ló ń mú owó wọlé nínú iṣẹ́ yìí. Kí ènìyàn mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri, kó sì mọ irú ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni owó wà. Ẹni tó bá mọ méjèèjì, ẹ̀rọ kékeré á tó o ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ṣe lágbára tó ni gbèsè tí yóò san fún onílé ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ wo irú agbára tí à ń sọ. Bí fọganáísà bá fọn afẹ́fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré, nǹkan bí 32 ni ojú ìwọ̀n rẹ̀ máa ń kà, ìyẹn 32 PSI. PSI la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń fi agbára ti nǹkan tó. Ẹ̀rọ elépo tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń tó 2,500 PSI, òmíràn tilẹ̀ ń tó 3,000. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ “bar” sí lára, bar kan jẹ́ 14.5 PSI, nítorí náà 170 bar kò jìnnà sí 2,500 PSI tí mo wí. Omi tó ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ gba ojú ihò kékeré jáde lè hó ọ̀dà, ó lè gbẹ́ sìmẹ́ńtì, ó sì lè wọ inú ẹran ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bí omi ẹ̀rọ bá gún ẹnì kan lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ibi tí ẹ̀gún ti gún un, ó sì lè má dùn ún púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Àmọ́ omi àti ìdọ̀tí ti wọ abẹ́ awọ, wọ́n ti ń ba ẹran inú jẹ́. Ẹ má fi òróró pa á, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ ìfọ̀ ló gún un, torí iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà. Ìdí nìyí tí a kì í fi ìbọn ẹ̀rọ náà ta omi síra wa ṣeré, tí ọmọ iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ wọ sílípáàsì dé ìdí rẹ̀. Rénbúùtù, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ni aṣọ iṣẹ́ wa.

Ẹnu márùn-ún ló sábà máa ń bá ìbọn ẹ̀rọ wá, àwọ̀ la fi ń dá wọn mọ̀. Èyí pupa ń ta omi jáde ní ìlà kan ṣoṣo, kò fẹ̀ rárá. Yẹ́lò ń fẹ omi dé ìwọ̀n digíríì 15, àwọ̀ ewé ń fẹ̀ ẹ́ dé 25, funfun dé 40. Dúdú ni ti ọṣẹ, kò ní agbára kankan. Èyí pupa, ẹ tì í mọ́ àpótí. N kò tíì rí iṣẹ́ kan tó ń ṣe lára ilé ènìyàn. Funfun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lójú ògiri, kí ẹ dúró jìnnà, kí ẹ wá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìdọ̀tí bá ti ń bọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì dá mi lójú pé wọn ì bá sọ bẹ́ẹ̀ náà ká ní wọ́n rí ẹ̀rọ yìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ògiri. Ẹ wo ilé èyíkéyìí tí ẹ bá gbà kọjá bí ẹ bá ń lọ sílé lónìí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti ilẹ̀ títí dé nǹkan bí orúnkún, á pupa. Abẹ́ fèrèsé àti orí fẹ́ǹsì á dúdú, dúdú náà á sì ṣàn wálẹ̀ bí omi òjò ṣe ṣàn. Abẹ́ táǹkì omi á ní ìlà tó rí bí dóògún. Ẹ̀yìn kíṣìnì á ní èéfín àti ọ̀rá. Ojú tí kò mọ iṣẹ́ á ní ìdọ̀tí kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn.

Dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ yẹn jẹ́ ohun abẹ̀mí. Ó ń hù ni, bí ebu ṣe ń hù lára búrẹ́dì. Ibi tí omi bá ti ń pẹ́ lára ògiri lákòókò òjò, tí oòrùn kò sì dé dáadáa, ibẹ̀ ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fi agbára omi nìkan hó o, ẹ ó rí i pé ògiri funfun lọ́jọ́ náà, onílé á yọ̀, á sanwó. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀dà. Bí òjò méjì mẹ́ta bá ti rọ̀, ó ti yọjú padà, onílé á sì máa wí káàkiri ọjà pé iṣẹ́ yín ò pẹ́. Ohun tó ń pa á ni Hypo, omi kúlóríìnì tí à ń fi fọ aṣọ funfun, tàbí ohunkóhun tó bá jẹ́ irú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ wo ara ike. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sí i, ife kan rẹ̀ sí ife omi méjì àtààbọ̀ á gbé e wá sí 1%, èyí sì tó fún ògiri tí wọ́n kun ọ̀dà sí. Ẹ fọ́n ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó wá fi omi tí kò lágbára ṣàn án kúrò láti òkè wá sílẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ògiri gbóná, Hypo á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn koríko lóko, èyí tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ni kí ẹ fi fọ́n ọn. Mo mọ̀ pé ó wà nílé ọ̀pọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ti oko. Ẹ ra tuntun, kí ẹ kọ “ilé” sí i lára gàdàgbà. Oògùn koríko kì í tán nínú ike bọ̀rọ̀, bí ẹ bá sì fi pa òdòdó tí ìyá onílé ti ń tọ́jú látọdún mélòó, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀ ẹ́. Òdòdó àti koríko tó wà nídìí ògiri, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin wọ́n dáadáa, kí ẹ tún rin wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Omi ìfọlé kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sí kànga. Bí onílé bá ní adágún ẹja, ẹ bo ó, kí ẹ sì darí omi gba ibòmíràn, nítorí kúlóríìnì díẹ̀ ti tó pa ẹja.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé dúdú kan jẹ́ ebu, kì í ṣe èéfín? Ẹ mú òwú, ẹ rì í bọ Hypo, ẹ fi kan ibi kékeré kan lójú dúdú náà, kí ẹ mú sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ó bá ń ṣá lójú yín, tó di búráùn tó sì ń lọ, ebu ni. Bí ó bá dúró bó ṣe wà, èéfín tàbí ọ̀rá ni, omi gbígbóná àti ọṣẹ ló máa gbà á. Òwú náà kò ju ìdajì àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ òun ló máa sọ ohun tí ẹ ó rà àti iye tí ẹ ó gbà. Ẹ ṣe é níṣojú onílé. Bí ó bá rí dúdú yẹn tó ń ṣá, ọ̀rọ̀ owó á rọrùn láàárín yín.

Pupa ìsàlẹ̀ ògiri ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀ wa pupa nítorí irin tó wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan lórí, ó ń ta ilẹ̀ náà sára ògiri. Omi á kó eruku rẹ̀ kúrò, àbàwọ́n irin á kù sẹ́yìn. Hypo kò lè ran án. Kódà ó lè mú kí àbàwọ́n náà le sí i. Oxalic acid ni ó ń tú u, òun náà ló sì ń mú ìlà dóògún abẹ́ táǹkì kúrò. Ìyẹfun funfun ni, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ẹ ṣàn án dáadáa. Májèlé ni, ẹ má fi sínú ìgò tí ọmọdé lè rò pé omi mímu ni. Mo tún máa ń sọ fún onílé ní tààràtà pé bí kò bá da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kọnkéré yí ilé náà ká, pupa yẹn á padà wá. Àwọn kan rò pé bí ènìyàn bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ta oúnjẹ nù. N kò gbà. Onílé tó bá ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu yín lórí ìsàlẹ̀ ògiri ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé yín lọ́wọ́ nígbà tí kò sí nílé, ẹ ó sì gbọ́ láìpẹ́ ìdí tí kọ́kọ́rọ́ yẹn fi ṣe pàtàkì.

Kí n tó kúrò lórí oògùn: a kì í po Hypo mọ́ ásíìdì kankan. A kì í pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ̀, a kì í pò ó mọ́ ohun tó ní ammonia. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn. Ògiri tí ẹ bá fi Hypo fọ̀ lónìí, ẹ ṣàn án kó mọ́ tónítóní, kí ẹ fi oxalic acid sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Àwọn tó ń ra kúlóríìnì oníyẹfun, èyí tí agbára rẹ̀ máa ń wà láàárín 65% sí 70%, ẹ gbọ́ o: ìyẹfun ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi sórí ìyẹfun. Ẹ má sì gbé e pọ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù nínú búùtù mọ́tò kan náà. Bí epo tàbí ọ́ìlì bá kan án, ó lè gbaná fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gbé méjèèjì ti ara wọn lọ síbi iṣẹ́, àyà mi já.

Ó ku ògiri fúnra rẹ̀. Àwọn ìlú wa kì í ṣe ìlú àná. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908 ni àwọn míṣọ́nnárì ti ń kọ́ ilé lágbègbè yẹn, àwọn baba wa pẹ̀lú sì ti kọ́ tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àgbà tí ẹ ń wò yìí, amọ̀ ni inú wọn, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Bí ẹ bá wò ó lóréfèé, ẹ ó ní búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ má fojú wò ó nìkan. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi egungun ìka kan ògiri náà láti igun kan dé èkejì. Ibi tó bá dún kì, tó le, sìmẹ́ńtì ti di amọ̀ mú dáadáa níbẹ̀. Ibi tó bá dún kò, bí ẹni ń kan agbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ti fi amọ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Omi alágbára kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Yóò wọlé láti ojú sísán, amọ̀ inú á rọ̀, gbogbo ojú ògiri náà á sì wó lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ po, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi han onílé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí yín bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi inú ike ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀.

Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ọ̀dà. Bí ìyẹfun bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, ọ̀dà náà ti gbó, omi á gbé e lọ, ilé á sì rí bí aṣọ alábàwọ́n. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún onílé pé fífọ̀ tó fẹ́ yìí, ìpalẹ̀mọ́ fún kíkun ni. Ẹ wá ọ̀rẹ́ nínú àwọn akunlé nítorí irú ọjọ́ yìí: wọ́n á pè yín kí wọ́n tó kun, ẹ̀yin náà á pè wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ tán. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ jẹ́ kó lò tó 30 ọjọ́ kí omi yín tó kan án.

Ní ti òrùlé, àkọ́kọ́ ni asbestos, èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àtijọ́. A kì í fọ̀ ọ́. Mo tún un sọ, a kì í fọ̀ ọ́, iyekíye tí wọn ì báà fẹ́ san. Omi ẹ̀rọ á gbẹ́ ojú rẹ̀, okùn tínńtín tí ojú kò lè rí á fò sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá fà á símú lè má rí àrùn rẹ̀ títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn náà sì ń pa ènìyàn. Páànù alumíníọ̀mù tó gùn ṣeé fọ̀ pẹ̀lú omi tí kò le, láti òkè sí ìsàlẹ̀ kí omi má bàa wọ abẹ́ ìsopọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bò lójú, omi alágbára á gbá òkúta náà lọ, ẹ ó sì máa rí i nínú gọ́tà. Ẹ má gbé ìbọn ẹ̀rọ gun àkàbà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń tì yín sẹ́yìn. Ọ̀pá gígùn wà tí a fi ń kún un, ẹ dúró sílẹ̀ kí ẹ lò ó. Ìńtálọ́ọ̀kì rọrùn jù wọ́n lọ. Kìkì pé omi á kó yanrìn àárín rẹ̀ jáde, ẹ gbọ́dọ̀ da òmíràn sí i kí ẹ tó kúrò, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ ṣírò yanrìn náà mọ́ owó iṣẹ́.

Iná mànàmáná: ẹ ní kí onílé pa NEPA, kó pa jẹnẹrétọ̀, kó pa ínfátà pẹ̀lú. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù àti sẹ́lótéèpù bo mítà àti ibi ìkìná tó wà níta.

Ó kan omi, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ ti ń dín ìnáwó kù jù lágbègbè wa. Láti oṣù kìíní títí òjò yóò fi dé, kànga púpọ̀ máa ń fà, tí táńkà omi á di ohun tí à ń bẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, bí ìka kò bá kúrò lórí ìbọn, á mu lítà 600 ní wákàtí kan. Táǹkì 1,000 lítà kò ní ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 lọ. Ẹni tó fẹ́ fi omi nìkan hó ebu kúrò á wà lójú ibì kan náà títí. Ẹni tó jẹ́ kí Hypo pa á tán, omi ìṣàn nìkan ló kù fún un. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì nínú owó omi àti owó epo ló máa ń di èrè tàbí òfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣubú. Wọ́n á pe ọmọkùnrin kan síbi ilé ilẹ̀ kan, á wo ojú ilé, á wo aṣọ ọrùn onílé, á dárúkọ owó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé okùn ìwọ̀n dání. Ká ní ilé náà jẹ́ mítà 15 sí mítà 12. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 54. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ mítà 3, ojú ògiri jẹ́ 162 nínú mítà onígun mẹ́rin, kí a tó yọ fèrèsé àti ìlẹ̀kùn. Ó dáa. Wàyí, ilé náà wà lórí pùlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Àyíká fẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 300, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 91. Bí ó bá ga ní mítà 2, ojú kan rẹ̀ ti jẹ́ 182, inú àti ìta sì jẹ́ 364. Fẹ́ǹsì nìkan ju ìlọ́po méjì ilé lọ! Onílé á sì sọ pé, “Ẹ bá mi fọ ilé náà, kí ẹ kàn fi omi kan fẹ́ǹsì.” Fífi omi kan yẹn ni yóò jẹ gbogbo èrè yín. Ẹ dárúkọ owó ilé lọ́tọ̀, owó fẹ́ǹsì lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú owó náà, ẹ yọ epo, oògùn, omi, ọkọ̀, oúnjẹ àti owó ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ká ní ₦400,000 lẹ ra ẹ̀rọ, ẹ sì retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún 800 wákàtí kó tó di ògbólógbòó. ₦500 nìyẹn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tàn án. Ẹ fi owó yẹn sí àkáǹtì tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ á rò pé òun ń jèrè, títí ọjọ́ tí pọ́ǹpù á kú tí kò ní rí owó òmíràn.

Pọ́ǹpù kì í sì í kú lójijì. Iyanrìn inú omi ni, ẹ fi asẹ́ sẹ́nu ibi tó ń fa omi. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ fi ìbọn sílẹ̀ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Omi inú rẹ̀ á máa yí ká, á gbóná, á sì jó rọ́bà inú pọ́ǹpù. Ó pẹ́ tán, ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ pa á. Ẹ má gba Hypo kọjá inú pọ́ǹpù. Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò láràárọ̀. Ọ́ìlì pọ́ǹpù yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì, méjèèjì ni à ń pààrọ̀.

Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún yín? Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ọmọ Òkun tó wà ní Àbújá, Èkó tàbí òkè òkun kọ́ ilé sílé, ilé náà wà ní títì láti oṣù kìíní dé oṣù kọkànlá, ó wá fẹ́ kó mọ́ bí Kérésì bá dé. Àwọn kan ń wálé lọ́dún Àjíǹde. Bí àgbà bá kú, ẹbí á fẹ́ tún ilé ṣe kí àlejò ìsìnkú tó dé. Ilé ìjọsìn ń palẹ̀ mọ́ fún ìkórè. Bí òjò bá ti ń lọ, ní ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ni kí ẹ fọ ògiri. Bí ẹ bá ṣe é ṣáájú, òjò á tún ta pupa sí i. Bí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì, ọwọ́ yín ò ní káwọ́ iṣẹ́, omi náà á sì wọ́n.

Àmọ́ iṣẹ́ oṣù méjì kò lè bọ́ ènìyàn fún oṣù méjìlá. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti wọlé nìyí. Ẹ bá àwọn tí ilé wọn wà ní títì yẹn ṣe àdéhùn ọdọọdún. Ẹ ó fọ ògiri lẹ́ẹ̀kan bí òjò bá lọ, ẹ ó kó ewé inú gọ́tà òrùlé kí òjò tó dé, ẹ ó nu sólà nígbà ọyẹ́. Ọyẹ́ ń da eruku bo sólà débi pé iná tó ń mú wá á dín kù. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, láàárọ̀ kùtù kí gíláàsì tó gbóná, kò sí ìbọn ẹ̀rọ, kò sí Hypo. Ẹ máa fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lójú iṣẹ́, ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i pé páànù kan ti ṣí tàbí ikán ti gun ògiri, ẹ ya á, ẹ fi ránṣẹ́, bí kò tilẹ̀ sí lára iṣẹ́ yín. Ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn nílò ojú tó ṣeé gbára lé ju ògiri funfun lọ, owó rẹ̀ á sì máa wọlé nígbà tí àwọn yòókù ń dúró de Kérésì. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún wọn ní rìsíìtì, ẹ sì fi orúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, torí ilé ìjọsìn àti ilé ìtura ńlá á bi yín.

Nígbà tí mo parí, arábìnrin kan láti Ìjùmú bi mí bóyá obìnrin lè ṣe é. Mo ní òwú, okùn ìwọ̀n, Hypo àti ìwé àkọsílẹ̀ ni mẹ́rin nínú márùn-ún iṣẹ́ yìí, ìbọn ẹ̀rọ tó kù náà kò sì wúwo ju korobá omi tó ń gbé lójoojúmọ́ lọ. Ọmọkùnrin kan tún bi mí pé kí ni ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ á ṣe. Mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìfọ́nkoríko tuntun, ìbọ̀wọ́, rénbúùtù, awò ojú àti búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn. Ìyẹn ti tó fọ ìdajì àwọn fẹ́ǹsì tó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ju ìyẹn lọ, kó lọ háyà ẹ̀rọ lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ mọ́tò. Kó yẹ ọ́ìlì wò níṣojú olówó ẹ̀rọ kó tó gbé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé ẹni tí yóò san án bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.